Bí a ṣe ń lo oògùn họ́mónù nígbà tí nǹkan oṣù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀

Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń dìde lóru láti pààrọ̀ aṣọ tó ti rin gbìndìn fún òógùn, tí mo sì ń sọ fún ara mi pé yóò lọ. Kò lọ. Nígbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ oògùn họ́mónù, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo lò ó tí mo fi pa á tì nítorí ọmú tó ń ro mí. Oṣù mẹ́jọ kọjá kí n tó tún padà sídìí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin tí mo ti bá sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà ló ṣe bí mo ṣe ṣe. Wọn kò fún oògùn náà láyè kó ṣiṣẹ́, tàbí kó jẹ́ pé irú èyí tí wọ́n lò kò bá ara wọn mu, tí kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn pé irú mìíràn wà. Ìdí nìyí tí mo fi kọ èyí ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀. Kò lè rọ́pò dókítà yín, ṣùgbọ́n á jẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ máa bi í, kí ẹ sì mọ ohun tí ẹ máa ṣe pẹ̀lú oògùn náà tí ẹ bá ti gbé e délé.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara

Láti ìgbà tí obìnrin bá ti bàlágà ni ilé ẹyin rẹ̀ ti ń ṣe họ́mónù méjì tó ń darí nǹkan oṣù: estrogen àti progesterone. Orúkọ wọn yìí ni ẹ máa rí lára páálí oògùn, nítorí náà mi ò ní fún wọn lórúkọ mìíràn. Bí ẹyin ṣe ń tán lọ, estrogen á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Ó lè ga gan-an lọ́sẹ̀ yìí, kó já wálẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó lè máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Ìgbà tí oṣù 12 bá kọjá láìrí nǹkan oṣù rárá ni wọ́n tó máa ń sọ pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Láàárín ọdún 45 sí 55 ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ obìnrin, tó sì máa ń sún mọ́ ọdún 51.

Ilé ọmọ nìkan kọ́ ló ń lo estrogen. Ọpọlọ ń lò ó láti mọ bí ara ṣe gbóná tó. Eegun ń lò ó kó má baà fúyẹ́. Awọ ojú ara àti ọ̀nà ìtọ̀ ń lò ó kó má baà gbẹ. Ìdí nìyẹn tí àìtó rẹ̀ fi ń hàn káàkiri ara, tí obìnrin fi lè lọ rí dókítà oríkèé, dókítà ọkàn àti dókítà ìtọ̀ láìmọ̀ pé orísun kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Oògùn họ́mónù ń dá díẹ̀ padà nínú ohun tó dín kù. Kì í mú ilé ẹyin jí padà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin

Ẹ wá ìwé kékeré kan, tàbí kí ẹ lo fóònù yín. Lójoojúmọ́, ẹ kọ iye ìgbà tí ooru òjijì dé, iye ìgbà tí ẹ jí lóru, bí ọkàn yín ṣe rí, ibi tó ń ro yín, àti ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá wá, bó ti wù kó kéré mọ. Ìlà méjì tàbí mẹ́ta ti tó fún ọjọ́ kan.

Ooru òjijì ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Á bẹ̀rẹ̀ láti àyà, á gun ọrùn, á dé ojú, òógùn á bo gbogbo ara, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan òtútù á sì mú ni. Àwọn mìíràn wà tí a kì í tètè fura sí. Oríkèé tó ń ro láàárọ̀. Ọkàn tó ń lù kìkì láìsí pé a sáré. Orúkọ ẹni tí a mọ̀ dáadáa tó fò lọ lọ́kàn. Ìbínú tó ń ru lórí ohun tí kò tó nǹkan. Jíjí ní aago mẹ́ta òru láìlè sùn padà. Ìrora nígbà ìbálòpọ̀, nítorí pé ojú ara ti gbẹ. Ìtọ̀ tó ń ta ni, tí a tọ́jú, tó tún padà wá.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ìtìjú bo méjì tó kẹ́yìn yẹn mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa sọ ti ooru fún dókítà, tí wọ́n á sì gbé ti ojú ara padà sílé. Bẹ́ẹ̀ ooru sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ṣùgbọ́n gbígbẹ ojú ara kì í lọ fúnra rẹ̀, ńṣe ló máa ń le sí i bí ọjọ́ orí bá ṣe ń ga. Ìtọ́jú rẹ̀ sì wà lára èyí tó rọrùn jù lọ. Tí ó bá nira láti fẹnu sọ, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yẹn kí ẹ sì na ìwé náà sí i kó kà á.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ohun tí ẹ máa sọ fún dókítà

Tí ẹ bá ti ju ẹni ọdún 45 lọ, tí àmì wọ̀nyí sì ń ṣe yín, ẹ kò nílò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láti mọ̀ pé ìgbà náà ti dé. Họ́mónù tó ń lọ sókè sódò lójoojúmọ́ kò lè fi òtítọ́ hàn nínú àyẹ̀wò ọjọ́ kan ṣoṣo. Mo ti rí ẹni tí wọ́n dá padà nítorí pé àyẹ̀wò ní kò sí nǹkan kan, tí kò sì sùn dáadáa láti oṣù mẹ́fà. Tí ẹ kò bá tíì pé ọdún 45, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò, pàápàá tí ẹ kò bá tíì pé 40, torí pé nígbà náà, yàtọ̀ sí ìrọ̀rùn tí oògùn máa mú wá, ó ń dáàbò bo eegun àti ọkàn tó yẹ kó ṣì ní estrogen fún ọ̀pọ̀ ọdún. Dókítà sábà máa ń fẹ́ kí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lò ó títí dé nǹkan bí ọdún 51, tí kò bá sí ohun tó dí i lọ́wọ́.

Àwọn ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ sọ láìfi nǹkan kan pamọ́: tí ẹ bá ti ní jẹjẹrẹ ọmú tàbí ti ilé ọmọ rí, tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dì rí nínú iṣan ẹsẹ̀ tàbí nínú ẹ̀dọ̀fóró yín, tí ẹ bá ti ní àrùn rọpárọsẹ̀ tàbí ìkọlù ọkàn, tí ẹ̀dọ̀ yín bá ń ṣàìsàn, tí ẹ̀jẹ̀ bá ń wá láti ojú ara tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ìdí rẹ̀, tí ẹ bá rò pé ẹ lè lóyún. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn lè mú kí dókítà sọ pé ká má lò ó, tàbí pé ká kọ́kọ́ yẹ ohun kan wò.

Àwọn mìíràn kì í dí ọ̀nà, wọ́n kàn ń yí i padà ni. Ẹni tó ní túúlu, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹni tó sanra gan-an, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti wà lábẹ́ àkóso: gbogbo wọn sábà máa ń lè lo èyí tó ń gba awọ ara wọlé, ìyẹn èyí tí a ń lẹ̀ mọ́ ara tàbí tí a fi ń pa á. Ìjù inú ilé ọmọ (fibroid) lè tóbi sí i, nítorí náà a máa ń ṣọ́ ọ.

Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání, títí kan àgbo àti ewé. Àwọn oògùn wárápá kan, àti rifampicin tí wọ́n fi ń wo ikọ́ ẹ̀gbẹ, máa ń tètè lé họ́mónù jáde kúrò nínú ara. Ewé tí wọ́n ń pè ní St John's wort náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Estrogen tí a gbé mì sì lè dín agbára lamotrigine, oògùn wárápá kan, kù, ó sì lè mú kí ẹni tó ń lo levothyroxine, oògùn àìtó họ́mónù ọ̀fun (thyroid), nílò ju iye tó ń lò lọ. Kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Tí dókítà bá sọ pé kò yẹ yín, ẹ má kàn dìde lọ sílé. Oògùn tí kì í ṣe họ́mónù wà fún ooru òjijì: àwọn kan nínú oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bíi venlafaxine, tàbí gabapentin, àti fezolinetant, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 2023. Ibi tó ń darí ooru ara nínú ọpọlọ gan-an ni fezolinetant ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n a ní láti máa yẹ ẹ̀dọ̀ ẹni tó ń lò ó wò. Ẹni tó ń lo tamoxifen fún jẹjẹrẹ ọmú kò gbọdọ̀ lo paroxetine, tó jẹ́ oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kan, fún ooru, torí ó ń dí iṣẹ́ tamoxifen lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wo ẹ̀rù jẹjẹrẹ lójú

Kò sí bí a ṣe máa sọ̀rọ̀ oògùn yìí ká má mẹ́nu ba ọdún 2002. Ní Amẹ́ríkà, àwọn olùṣèwádìí Women's Health Initiative kó obìnrin 16,608 jọ. Wọ́n fún àwọn kan ní hóró oògùn tó ní estrogen tí wọ́n yọ láti inú ìtọ̀ abo ẹṣin tó lóyún, pẹ̀lú ẹ̀dà progesterone tí wọ́n ń pè ní medroxyprogesterone. Wọ́n fún àwọn yòókù ní hóró tí kò ní nǹkan kan nínú. Ní oṣù Keje ọdún 2002, wọ́n dá a dúró ṣáájú àkókò nítorí pé jẹjẹrẹ ọmú ti pọ̀ sí i láàárín àwọn tó ń lo oògùn náà. Ìròyìn kárí ayé. Obìnrin ń da oògùn nù, dókítà ń bẹ̀rù láti kọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀rù yẹn kò sì tíì tán nílẹ̀ títí dòní.

Ohun tí ìròyìn kò ráyè ṣàlàyé ni pé ìpíndọ́gba ọjọ́ orí àwọn obìnrin náà jẹ́ 63. Nǹkan oṣù ọ̀pọ̀ wọn ti dúró tipẹ́tipẹ́. Èyí tó lé lórí iye jẹjẹrẹ ọmú jẹ́ 8 nínú obìnrin 10,000 lọ́dún. Àwọn tí kò ní ilé ọmọ mọ́, tí wọ́n lo estrogen nìkan nínú apá kejì ìwádìí náà, kò rí irú àlékún bẹ́ẹ̀ rárá. Estradiol (irú estrogen tí ilé ẹyin fúnra rẹ̀ ń ṣe) tó ń gba awọ ara wọlé, tí ọ̀pọ̀ dókítà ń kọ fún ènìyàn nísinsìnyí, kì í sì í ṣe irú oògùn tí wọ́n fi ṣe ìwádìí yẹn.

Mi ò sọ pé kò sí ewu. Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n. Ìṣirò kan wà tí àwọn dókítà Bìrìtéènì máa ń fi han àwọn obìnrin. Nínú obìnrin 1,000 tó wà láàárín ọdún 50 sí 59, nǹkan bí 23 ni jẹjẹrẹ ọmú máa mú láàárín ọdún márùn-ún, bí wọn kò bá lo nǹkan kan. Tí gbogbo wọn bá lo estrogen pẹ̀lú progesterone tàbí ẹ̀dà rẹ̀, 4 á kún un. Tó bá jẹ́ estrogen nìkan ni, 4 á dín kúrò nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá ń mu ọtí tó tó ìwọ̀n méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, 5 á kún un. Sísanra jọ̀kọ̀tọ̀ á fi 24 kún un. Mo wo iye tó kẹ́yìn yìí fún ìgbà pípẹ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, torí mo ti ń bẹ̀rù oògùn láìbẹ̀rù ìjókòó gẹlẹtẹ. Bí ọdún tí a fi ń lo oògùn bá ṣe ń pọ̀ sí i ni 4 yẹn náà ń pọ̀ sí i, ó sì ń dín kù bí a bá dáwọ́ dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í tán lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ìyá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ní jẹjẹrẹ ọmú ní láti bá dókítà jíròrò tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ti ẹ̀jẹ̀ dídì yàtọ̀, ọ̀nà tí oògùn gbà wọlé ló ń pinnu rẹ̀. Estrogen tí a bá gbé mì máa ń kọ́kọ́ gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá, ẹ̀dọ̀ á sì ṣe àwọn èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí tó bá gba awọ ara wọlé ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ tààrà, ní ìwọ̀n tí wọ́n sì sábà máa ń lò, kò fi kún ewu ẹ̀jẹ̀ dídì. Ní tèmi, tí owó àti àǹfààní bá gbà á, èyí tó ń gba awọ ara wọlé ni mo máa kọ́kọ́ béèrè.

Ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Kí ẹ tó pé 60, tàbí kí ọdún 10 tó kọjá lẹ́yìn tí nǹkan oṣù dúró, ni àǹfààní rẹ̀ máa ń ju ewu rẹ̀ lọ fún ọ̀pọ̀ obìnrin tí ara wọn dá.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ yan irú èyí tó bá yín mu

Ìbéèrè àkọ́kọ́: ṣé ilé ọmọ yín ṣì wà? Tí wọ́n bá ti fi iṣẹ́ abẹ yọ ọ́, estrogen nìkan sábà máa ń tó. Tó bá ṣì wà, estrogen tó ń rin gbogbo ara kò gbọdọ̀ dá wà. Ńṣe ló máa ń mú kí awọ inú ilé ọmọ nípọn sí i, ìnípọn náà sì lè di jẹjẹrẹ. Progesterone ló ń dá a lẹ́kun. Mo mọ obìnrin kan tó ń lẹ estrogen mọ́ ara déédéé, ṣùgbọ́n tó pa progesterone tì nítorí pé ó ń mú un tòògbé. Ara rẹ̀ yá, ooru lọ, inú rẹ̀ dùn, kò sì mọ̀ pé ewu ń gbèrú lábẹ́lẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, èyí ni mo fẹ́ kó dúró lọ́kàn yín jù lọ.

Ìbéèrè kejì: ìgbà wo ni ẹ rí nǹkan oṣù kẹ́yìn? Tí kò bá tíì pé ọdún kan, ẹ máa lo estrogen lójoojúmọ́, ẹ ó sì fi progesterone kún un fún ọjọ́ 12 sí 14 nínú oṣù. Ẹ̀jẹ̀ máa wá lẹ́yìn rẹ̀ bí nǹkan oṣù, kò sì burú. Tó bá ti ju ọdún kan lọ, ẹ lè máa lo méjèèjì lójoojúmọ́ láìrí ẹ̀jẹ̀. Àwọn tó bá kánjú bẹ̀rẹ̀ ti ojoojúmọ́ nígbà tí ilé ẹyin wọn ṣì ń ṣiṣẹ́ sábà máa ń rí ẹ̀jẹ̀ yẹ́kẹyẹ̀kẹ tí kò ní ọjọ́, tó sì máa ń dẹ́rù bà wọ́n.

Ìbéèrè kẹta ni irú progesterone. Èyí tó bá ti ara mu jù ni progesterone tí wọ́n lọ̀ kúnná sínú kápúsù: 100 mílígíráàmù lálaalẹ́ fún ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́, tàbí 200 fún àwọn ọjọ́ 12 sí 14 yẹn. Epo ẹ̀pà tàbí ti sóyà wà nínú àwọn kan, nítorí náà ẹni tí ẹ̀pà kì í bá lára mu gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ọ̀nà mìíràn ni ohun èlò ìfètò-sọ́mọ-bíbí onílevonorgestrel (ẹ̀dà progesterone kan) 52 mílígíráàmù tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ. Ó ń dáàbò bo ilé ọmọ fún ọdún márùn-ún, ó ń dènà oyún, ó sì ń gbani lọ́wọ́ ìgbàgbé.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń po họ́mónù fúnra wọn, tí wọ́n sì ń pè é ní ti àdáyébá tí kò léwu. Kò sí ẹni tó ń yẹ ìwọ̀n tó wà nínú rẹ̀ wò. Estradiol àti progesterone tí ilé oògùn ń tà pẹ̀lú ìwé dókítà bá ti ara mu bákan náà, ìwọ̀n tiwọn sì dájú.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Lílò rẹ̀ lójoojúmọ́

Patch ni èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí, ìbàdí tàbí itan, sí ibi tí awọ ti mọ́, tó gbẹ, tí kò ní egbò, tí aṣọ kò sì há jù. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọmú láéláé. Ẹ má fi ìpara tàbí òróró sí ibẹ̀ ṣáájú, kò ní lẹ̀. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí ooru ọwọ́ lè mú un lẹ̀ dáadáa. Àwọn kan wà tí wọ́n ń pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, àwọn kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ yan ọjọ́ tí ẹ kò ní gbàgbé, bí ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Ẹ pààrọ̀ ibi tí ẹ ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ nígbà gbogbo kí awọ má baà yún yín. Tí ẹ bá ń jù ú nù, ẹ ká a po kí ojú tó ní oògùn lẹ̀ mọ́ra wọn, torí oògùn ṣì wà lára rẹ̀, ọmọdé sì lè mú un.

Jẹ́ẹ̀lì ni ẹ máa fi pa ìta apá tàbí inú itan lẹ́yìn ìwẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ fẹ̀ bí ẹni ń pa ìpara, ẹ má fi agbára rin ín. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó wọṣọ, ẹ fọ ọwọ́, ẹ má sì jẹ́ kí omi kan ibẹ̀ fún wákàtí kan ó kéré tán. Fún wákàtí yẹn, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fara kan ibẹ̀. Họ́mónù yìí lè gba ara yín wọ ara ọmọ, ó sì lè mú kí ọmú wú fún ọmọ tí kò tíì bàlágà. Ẹni tó bá ń gbé ọmọ jòjòló lọ́wọ́ lójoojúmọ́, mo rò pé patch ló rọrùn fún un jù. Èyí tí wọ́n ń fín sí inú apá, òfin kan náà ló ń tẹ̀ lé.

Hóró oògùn kò gba àlàyé púpọ̀: àkókò kan náà lójoojúmọ́, pẹ̀lú oúnjẹ tí èébì bá ń gbé yín. Progesterone inú kápúsù ní tirẹ̀, alẹ́ ni, nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn, kó má jẹ́ àsìkò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán. Ó ń mú oorun wá. Ẹni tó bá lò ó láàárọ̀ á máa tòògbé kiri, ẹni tó bá sì lò ó lálẹ́ lè rí oorun tó ti ń wá láti ọjọ́ yìí.

Fún ojú ara tó gbẹ àti ìtọ̀ tó ń ta ni, estrogen tí wọ́n ń fi sí ojú ara wà: hóró kékeré, ìpara tàbí òrùka rírọ̀. Tó bá jẹ́ hóró, alaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Èyí tó ń dé inú ẹ̀jẹ̀ kéré débi pé kò béèrè fún progesterone. Ẹ lè lò ó nìkan, ẹ sì lè lò ó pọ̀ mọ́ patch tàbí jẹ́ẹ̀lì. Tí ẹ bá ka ìwé inú páálí rẹ̀ tí ẹ rí gbogbo ìkìlọ̀ nípa jẹjẹrẹ àti ẹ̀jẹ̀ dídì, ẹ rántí pé ìkìlọ̀ ti hóró tí a ń gbé mì ni wọ́n sábà máa ń dà kọ síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́

Ibí ni mo ti ṣubú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ooru á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, ṣùgbọ́n ó tó oṣù mẹ́ta kí ẹ tó mọ bí oògùn náà ṣe ṣiṣẹ́ tó. Ti ojú ara lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àkókò kan náà, ọmú lè máa ro yín, orí lè máa fọ́, inú lè wú, èébì lè máa gbé yín, iṣan ẹsẹ̀ lè máa fà. Púpọ̀ nínú wọn máa ń rọlẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Tí ó bá le jù fún yín, ẹ pe dókítà kó dín ìwọ̀n rẹ̀ kù tàbí kó yí irú rẹ̀ padà. Ẹ má kàn jù ú nù bí mo ti ṣe.

Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó ń kán lè wáyé láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà àkọ́kọ́. Ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Tó bá ń pọ̀ sí i, tó bá kọjá oṣù mẹ́fà, tàbí tó bá dúró fún ìgbà pípẹ́ tó wá bẹ̀rẹ̀ padà, àyẹ̀wò ilé ọmọ ló kàn.

Ẹ máa kọ nǹkan sínú ìwé yẹn lọ. Nígbà tí ẹ bá padà lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ gbé ojú ìwé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ti ọ̀sẹ̀ yìí. Mo rò pé oògùn mi kò ṣe nǹkan kan títí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, tí mo rí i pé ìgbà mẹ́fà ni mo ń jí tẹ́lẹ̀, ó ti di ẹ̀ẹ̀kan. A máa ń tètè gbàgbé ìrora tó ti lọ. Tí ẹ bá sì ní láti yí nǹkan padà, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí lẹ́ẹ̀kan náà: tí ẹ bá yí estrogen àti progesterone papọ̀, ẹ kò ní mọ èyí tó ń dà yín láàmú.

Ìgbésẹ̀ keje: Ìgbà tí ẹ kò gbọdọ̀ dúró

Ẹsẹ̀ kan tó wú, tó gbóná, tó ń ro. Àyà dídùn tàbí èémí tó ń ṣe ségesège lójijì. Ojú tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá tó rọ, ọ̀rọ̀ tó ń lọ́ lẹ́nu. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró di ọ̀la. Kókó nínú ọmú, ojú tó pọ́n bí èso ìyeyè (ibà pọ́njú) tàbí túúlu tí irú rẹ̀ kò ṣe yín rí, ẹ pe dókítà láàárín ọjọ́ yẹn kan náà.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Láti ọdún dé ọdún

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni àbẹ̀wò. Kí wọ́n wọn ìfúnpá, kí ẹ sọ bí ara ṣe rí, kí ẹ sì máa lọ fún àyẹ̀wò ọmú bó ṣe yẹ ọjọ́ orí yín. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín, ẹ sọ fún wọn ṣáájú pé ẹ ń lo họ́mónù.

Yàtọ̀ sí ohun èlò tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ yẹn, oògùn yìí kì í dènà oyún. Ìwọ̀n estrogen inú rẹ̀ kò tó láti dá ẹyin dúró. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ dúró kó tó pé 50 ṣì ní láti fètò sọ́mọ bíbí fún ọdún méjì, ẹni tó ti lé ní 50 fún ọdún kan. Ní ọdún 55, kò sí ìdí láti máa ṣe é mọ́.

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ni pé ọdún mélòó ni a lè fi lò ó. Kò sí iye kan tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Ooru òjijì máa ń pẹ́ tó ọdún méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọ̀pọ̀, nítorí náà ẹni tó bá dáwọ́ dúró lẹ́yìn ọdún méjì lè tún pàdé rẹ̀ níbi tó fi í sí. Ẹ máa tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò lọ́dọọdún: kí ni mo ń rí gbà, kí ni ewu mi báyìí? Tí ẹ bá fẹ́ dáwọ́ dúró, ẹ lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ sì lè rọra dín in kù fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, bíi kí ẹ bọ́ láti patch oníwọ̀n 50 sí oníwọ̀n 25. Dídín in kù díẹ̀díẹ̀ kì í jẹ́ kí ooru tètè já lu ni, ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù mélòó kan kò sí ìyàtọ̀ láàárín ọ̀nà méjèèjì. Àǹfààní tí eegun ń rí máa ń dín kù lẹ́yìn náà, kí ẹ béèrè bóyá ó yẹ kí wọ́n yẹ eegun yín wò.

Tó bá sì jẹ́ ti ojú ara nìkan ló kù, ẹ má dá ìyẹn dúró pẹ̀lú àwọn yòókù. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ náà ni, títí dìgbà tó bá wù yín, ẹni ọgọ́rin ọdún náà ń lò ó.